Luca Pacioli

Luca Pacioli (nǹkan bí 1447 – 1517) jẹ́ onímọ̀ ìṣirò àti ọmọ ẹgbẹ́ Franciscan nínú Ìjọ Kátólíìkì. Ìlú Sansepolcro ní Itálíà ni wọ́n ti bí i, ibẹ̀ náà ni ó sì kú sí. Ní ọdún 1494, ó tẹ ìwé Summa de arithmetica jáde ní Venice. Ó ṣàlàyé nínú rẹ̀ bí àwọn oníṣòwò ibẹ̀ ṣe ń kọ òwò kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì: apá kan fún ohun tí a gbà, apá kejì fún ohun tí a fi sílẹ̀. Bí àròpọ̀ méjèèjì kò bá dọ́gba, àṣìṣe ti wọ̀ ọ́. Wọ́n ń pè é ní Bàbá Ìṣirò Owó, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni ó dá ọ̀nà yìí sílẹ̀. Ìwé rẹ̀ ni ó tàn án kálẹ̀.