Ìtàn Ìgbésí Ayé Olóyè Fẹlá Ṣówándé, Atẹdùùrù (1905–1987)

Ó tọ́, ó sì yẹ, nígbà tí ìjọ bá péjọ láti dúpẹ́ ọgọ́rùn-ún ọdún, kí a má ṣe rántí kìkì àwọn tí ó ru òkúta àti igi láti kọ́ ilé Olúwa, ṣùgbọ́n kí a rántí àwọn tí ó fi orin kún inú rẹ̀ pẹ̀lú. Ohun tí etí ènìyàn gbọ́ nínú ilé Ọlọ́run kì í tètè kúrò lọ́kàn. Ẹni tí ó ti gbàgbé ìwàásù ìgbà èwe rẹ̀ pátápátá ṣì lè rántí bí dùùrù ti dún ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àjíǹde.

Ariwo kò ṣàjèjì sí àwa tí ń gbé ní Mazamaza. Àwọn ọkọ̀ tí ń kó èrò lọ sí ìlú òkèèrè a máa fọn fèrè wọn lẹ́bàá ọ̀nà Badagry láti ìdájí. Ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé, orin àríyá a máa dún láti Amuwo-Odofin títí dé Festac. Nígbà tí ilẹ̀ bá sì mọ́ ní ọjọ́ Ìsinmi, ọ̀dọ́mọkùnrin kan náà tí ó tẹ dùùrù fún àwọn oníjó lè wá jókòó síwájú dùùrù nínú ilé ìsìn. Àwọn àgbà ìjọ a sì máa bi ara wọn bí èyí bá yẹ. Ìbéèrè yìí kì í ṣe tuntun. Ọmọ àlùfáà kan láti ilẹ̀ wa ti gbé inú rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, ìtàn rẹ̀ ni a sì fẹ́ sọ níhìn-ín.

A bí Olúfẹlá Ọbáfúnmiláyọ̀ Ṣówándé ní ìlú Ọ̀yọ́ ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún, ọdún 1905. Baba rẹ̀, Emmanuel Ṣówándé, jẹ́ àlùfáà nínú Ìjọ Áńgílíkà, ó sì wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ lórí orin ìsìn ní ilẹ̀ Yorùbá. Ní Èkó ni ọmọ náà ti kàwé, ní CMS Grammar School àti King's College. Níbẹ̀ náà ni ó ti wọ ẹgbẹ́ akọrin Kàtídírà ti Kristi ní Marina, lábẹ́ àgbà atẹdùùrù nì, Thomas King Ẹ̀kúndayọ̀ Phillips, ẹni tí ó jókòó síwájú dùùrù Kàtídírà láti ọdún 1914 títí di ọdún 1962.

Ọwọ́ Phillips ni Ṣówándé ti kọ́ bí a ti ń tẹ dùùrù, a sì gbà á ní igbákejì atẹdùùrù. Ṣùgbọ́n ó rí ohun mìíràn kọ́ lára ọ̀gá rẹ̀. Phillips ti ṣàkíyèsí pé ohùn orin Gẹ̀ẹ́sì a máa lọ́ ọ̀rọ̀ Yorùbá po, nítorí bí ohùn orin bá gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ ti sọ̀ kalẹ̀, ọkọ lè di ọkọ́, ọkọ́ sì lè di ọkọ̀, kí àwọn ènìyàn máa fi gbogbo ọkàn kọ ohun tí kò ní ìtumọ̀. Ó ṣe làálàá láti mú kí orin ìjọ bá ohùn èdè wa rìn. Irúgbìn tí a gbìn sínú ọmọ náà nìyí, bí ó tilẹ̀ pẹ́ kí ó tó hù.

Ní àkókò náà, orin jáàsì, èyí tí àwọn ènìyàn dúdú ilẹ̀ Amẹ́ríkà dá sílẹ̀, ti ń tẹ etí àwọn ará Èkó lọ́wọ́ nípa àwo giramafóònù. Kí Ṣówándé tó kúrò nílé ni ó ti ń bá àwọn olórin ijó ṣiṣẹ́. Ní ọdún 1934 ó wọ ọkọ̀ lọ sí London. Ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà ni ó kọ́kọ́ ní lọ́kàn, ṣùgbọ́n orin fà á lọ́wọ́ gbà. Ní ọdún 1936 òun ni ó tẹ píánò nínú Rhapsody in Blue, iṣẹ́ George Gershwin, ó sì tẹ píánò pẹ̀lú nínú eré Blackbirds ti ọdún náà. Ó tẹ píánò pọ̀ pẹ̀lú Fats Waller, olókìkí ará Amẹ́ríkà nì.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí Waller yìí, nítorí ìtàn rẹ̀ jọ ti Ṣówándé. Ọmọ oníwàásù ni òun náà, nínú ìsìn ni ó sì ti kọ́kọ́ tẹ dùùrù ní ìgbà èwe rẹ̀. Láti ọdún 1926 ni ilé iṣẹ́ Victor ti ń gba orin dùùrù rẹ̀ sínú àwo ní ìlú Camden, nínú ilé kan tí ó ti jẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì rí, tí ilé iṣẹ́ náà rà. Báyìí ni ó ṣe jẹ́ pé lára àwọn àwo tí ó kọ́kọ́ mú kí ayé mọ dùùrù nínú orin jáàsì, abẹ́ òrùlé tí a kọ́ fún ìsìn ni a ti gbà wọ́n. Iṣẹ́ náà kò rọrùn. Afẹ́fẹ́ ni ó ń mú fèrè dùùrù ńlá dún, ó sì lè pẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí ìka ti tẹ̀ ẹ́ kí ohùn tó dé etí, bẹ́ẹ̀ ni orin ijó kò fẹ́ ìdádúró kankan. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi rò pé dùùrù kò lè jó láéláé.

Ní ọdún 1935 ni Laurens Hammond, ará Amẹ́ríkà, gbé dùùrù tuntun kan jáde tí kò ní fèrè rárá. Iná mọ̀nàmọ́ná ni ó ń yí àwọn àgbá irin kéékèèké nínú rẹ̀ lẹ́bàá òòfà, láti inú yíyí wọn ni ohùn sì ti ń jáde. Ó fẹ́ kí àwọn ìjọ tí kò lówó láti ra dùùrù onífèrè lè rí èyí rà. Ohùn rẹ̀ a máa jáde lọ́gán tí ìka bá ti kàn án. Bí àwọn ìjọ ti ń rà á, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ilé ijó náà ń rà á.

Dùùrù yìí ni ó sọ Ṣówándé di ẹni tí a mọ̀ ní London. Ó ń tẹ̀ ẹ́ ní Florida Club ní Mayfair, ilé fàájì alẹ́ tí akọrin obìnrin nì, Adelaide Hall, àti ọkọ rẹ̀ ń ṣe àkóso rẹ̀. Ní òpin àwọn ọdún 1930, ó bá Adelaide Hall ṣe àwo orin pẹ̀lú dùùrù. Ilé iṣẹ́ rédíò BBC náà gbà á láti máa tẹ dùùrù fún àwọn olùgbọ́. Ẹni tí ó bá gbọ́ pé ọmọ àlùfáà, ọmọ Kàtídírà, ń tẹ dùùrù fún àwọn tí ń mu ọtí ní òru, yóò mi orí, yóò sì sọ pé ó ti ṣáko.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó tẹ̀lé e. Ọkùnrin yìí kò fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Ó tọ àwọn olùkọ́ pàtàkì lọ, nínú wọn ni George Oldroyd, George Cunningham àti Edmund Rubbra. Ní ọdún 1943 ó di Fellow ti Royal College of Organists, oyè tí ó ga jùlọ tí ẹgbẹ́ náà ń fún atẹdùùrù, ó sì gba ẹ̀bùn Limpus, Harding àti Read. Ní ọdún 1944 ó kọ African Suite. Láti ọdún 1945 títí di 1952, òun ni atẹdùùrù àti olórí akọrin ní Kingsway Hall, ibi ìsìn ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní London. Ọwọ́ tí ó ti mú àwọn oníjó jó náà ni ó wá ń ṣáájú orin ìyìn.

Ní ọdún 1953 ó padà wá sílé, láti ṣe olórí orin ní ilé iṣẹ́ rédíò Nàìjíríà. Níhìn-ín ni a rí i pé irúgbìn Phillips ti so èso. Àwọn orin tí Ṣówándé kọ fún dùùrù, bí Ọ̀yígíyigì, Jésù Olùgbàlà, Ọba a bá kẹ́, Ká Múra àti Ọbáńgíjì, orí ohùn orin ilẹ̀ wa ni ó gbé wọn kà. Ó mú dùùrù onífèrè, ohun èlò àwọn òyìnbó, ó sì kọ́ ọ ní èdè Yorùbá. Fún òmìnira ọdún 1960 ó kọ Folk Symphony.

Kí a má sì fi ohunkóhun pamọ́: ó fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí àṣà àti ìsìn ìbílẹ̀ Yorùbá, ó sì kọ̀wé nípa Ifá, èyí tí ó lè mú ìrònú bá àwọn kan nínú wa. Kì í ṣe ẹni tí a lè fi sínú àpótí kan ṣoṣo. Yunifásítì Ifẹ̀ fi oyè ọ̀mọ̀wé dá a lọ́lá ní ọdún 1972. Ó kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Howard, ní Pittsburgh àti ní Kent State, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ibẹ̀ ni ó wà nígbà tí a ṣe àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àwọn ènìyàn dúdú ní ọdún 1977, èyí tí a tìtorí rẹ̀ kọ́ ìlú Festac tí a ń gbé yìí. Ó kú ní Ravenna, ní ìpínlẹ̀ Ohio, ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta, ọdún 1987.

Lẹ́yìn ìgbà Ṣówándé ní Mayfair, dùùrù Hammond gbilẹ̀ sí i. Láti ọdún 1956 ni Jimmy Smith ti fi àwọn àwo rẹ̀ sọ ọ́ di ọ̀kan pàtàkì nínú ohun èlò jáàsì, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìjọ àwọn ènìyàn dúdú ní Amẹ́ríkà kò fi í sílẹ̀. Láti ilé ìsìn ni ó ti lọ sí ilé ijó, kò sì fi ilé ìsìn sílẹ̀.

Ẹ̀yin ará, bí ọ̀dọ́ kan nínú ìjọ bá ń tẹ dùùrù níbi tí kò tẹ́ wa lọ́rùn, ẹ jẹ́ kí a bá a sọ̀rọ̀, kí a sì kọ́ ọ, ṣùgbọ́n kí a má ṣe ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ìjọ tí ó kọ́ ọmọ Ṣówándé ní dùùrù kò mọ ọ̀nà tí yóò gbà. Ohun tí ó mú padà bọ̀ pọ̀ ju èyí tí ó mú lọ. Kí Olúwa gbé irú rẹ̀ dìde láàárín wa ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí ń bọ̀. Àmín.