Andrew Foote, Ọ̀gágun Ojú Omi Tí Ó Di Ìgbàgbọ́ Mú

Ẹ̀yin ìyá àti arábìnrin wa nínú Olúwa, ẹ jẹ́ kí a gbé ayé Andrew Hull Foote yẹ̀ wò. New Haven ní Amẹ́ríkà ni a ti bí i ní 1806. Ó wọ iṣẹ́ ológun ojú omi ní 1822, ẹnu iṣẹ́ náà ni ó sì ti di àtúnbí. Ó rọ àwọn ọmọ ọkọ̀ rẹ̀ títí wọ́n fi jáwọ́ nínú ọtí. Ní 1850, ní etíkun ilẹ̀ Áfíríkà wa, ó mú ọkọ̀ Martha tí wọ́n fẹ́ fi kó ẹrú.

Ní oṣù Kejì 1862, nígbà ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, lẹ́yìn tí ó ṣẹ́gun ní Fort Henry, ó lọ jọ́sìn ní ìlú Cairo ní Illinois. Oníwàásù kò dé. Foote fúnra rẹ̀ bọ́ sórí àga ìwàásù, ó sì wàásù lórí Johanu 14:1. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni ìròyìn bá a lójú ogun pé ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ti kú nílé. Ọgbẹ́ ńlá ni fún baba, ṣùgbọ́n kò fi ipò rẹ̀ sílẹ̀, kò sì fi Ọlọ́run sílẹ̀. Ó sùn nínú Olúwa ní oṣù Kẹfà 1863.

Ẹ̀yin ìyá, ọ̀rọ̀ tí a fi ń tu ẹlòmíràn nínú, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí àwa náà yóò nílò rẹ̀. Kí Olúwa ràn wá lọ́wọ́ láti dì í mú lọ́jọ́ náà. Àmín.