Ṣódẹkẹ́, Ẹni tí Ó Ṣí Ìlẹ̀kùn Abẹ́ Òkúta

Púpọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ ilé-ìwé wa àti àwọn òbí ni wọ́n ti lọ sí Jerúsálẹ́mù, tí wọ́n sì ti gba oyè JP bọ̀ wálé. Àwọn kan nínú wọn ti ròyìn Mar Saba fún wa, ilé àwọn mọ́ńkì tí ó rọ̀ mọ́ ògiri àpáta lókè àfonífojì Kídírónì, ní aṣálẹ̀ Jùdíà. Ní ọdún 483 ni Sábà mímọ́ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láàárín àwọn ihò àpáta, títí di òní olónìí a kì í sì í jẹ́ kí obìnrin wọ inú ọgbà náà. (Àwọn ìyá wa tí wọ́n lọ kò fẹ́ràn èyí rárá.) Bí wọ́n ti ń sọ nípa ihò àpáta tí ó di ibi ìsádi, Olúmọ ni ọkàn wa ń lọ sí. Nítorí náà, kí a tó kọ ohun kan sínú ìwé àjọ̀dún yìí, a tún gun Olúmọ.

Lábẹ́ àpáta náà, àwọn yàrá tí wọ́n fi amọ̀ pín ṣì wà níbẹ̀, àwọn kòtò tí àwọn obìnrin ti ń lọ oúnjẹ lára òkúta sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Kì í ṣe ọjọ́ kan tàbí méjì ni a fi ń lọ nǹkan kí òkúta tó jìn báyẹn. Ẹni tí ó kó àwọn ènìyàn náà dé ibẹ̀ ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ọmọ Ìporò ni Ṣódẹkẹ́, jagunjagun sì ni. Lẹ́yìn tí ogun ti fọ́ Òwu, ogun náà kọjú sí àwọn ìlú inú igbó Ẹ̀gbá, ó sì pa wọ́n run lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn tí ó ṣẹ́kù bá ara wọn ní Ìbàdàn, láàárín ọmọ ogun tí ó ti ibi púpọ̀ wá, níbi tí wọn kò ti ní ìfọ̀kànbalẹ̀. Nígbà tí wọ́n pinnu láti ṣí kúrò, Lámọ̀dí Balógun ni olórí wọn, ṣùgbọ́n Lámọ̀dí kò fi ojú rí Olúmọ. Ikú ti mú un lọ. Ṣódẹkẹ́, tí í ṣe Ṣẹ̀ríkí, ni ó gba ipò aṣíwájú, tí ó sì kó wọn dé abẹ́ òkúta ní nǹkan bí ọdún 1830.

Ìlú kọ̀ọ̀kan mú orúkọ rẹ̀ dání wá, wọ́n sì tẹ̀dó lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: Aké, Ìporò, Ìgbẹ̀ìn, Ìtokò àti àwọn yòókù. Kò rọrùn láti mú irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ ṣọ̀kan. Ṣódẹkẹ́ kò jẹ ọba. Ọdún 1854 ni Ẹ̀gbá tó tún ní Aláké. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni gbogbo wọn ń tẹ̀ lé. Òun náà ni ó gba àwọn Òwu mọ́ra ní nǹkan bí ọdún 1834, kí wọ́n lè wá gbé pẹ̀lú wọn.

Láti ọdún 1839 ni àwọn Sàró ti bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Ọmọ tí a ti sunkún rẹ̀ bí òkú yọ lójijì, ó wọ aṣọ òyìnbó, ó mú Bíbélì lọ́wọ́. Ṣódẹkẹ́ gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀. Àwọn Sàró yìí ni wọ́n ránṣẹ́ pe àwọn olùkọ́ ìsìn. Freeman ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni ó kọ́kọ́ dé, ní oṣù Kejìlá ọdún 1842. Bí ó ti ń padà, ó pàdé Henry Townsend ti C.M.S. ní Àgbádárìgì ní ọjọ́ tí ó ṣáájú Kérésìmesì. Townsend náà wọ Abẹ́òkúta ní ọjọ́ 4 oṣù Kìíní ọdún 1843. Ṣódẹkẹ́ gba àwọn méjèèjì ní àlejò pẹ̀lú ayọ̀.

A kò fẹ́ fi irọ́ yìn ín. Ṣódẹkẹ́ kò ṣe ìrìbọmi. Ní àkókò náà gan-an, ọmọ ogun Ẹ̀gbá ń ja Adó, nítorí ọ̀nà tí ó lọ sí Àgbádárìgì àti òkun, ó sì dájú pé ó mọ ohun tí ọ̀rẹ́ òyìnbó lè ṣe fún ìlú tí ọ̀tá yí ká. Àwọn kan ti wí nínú ìwàásù pé ìfẹ́ ìhìnrere nìkan ni ó sún un. Èrò tiwa yàtọ̀ díẹ̀. Ọkùnrin tí ó ti kó àwọn aláìnílé jọ sábẹ́ òkúta rí i pé àwọn kan mọ bí a ti ń dá àwọn tí ó sọnù padà. A rò pé ìyẹn nìkan tó láti ṣí ìlẹ̀kùn fún wọn.

Townsend padà dé Àgbádárìgì ní oṣù Kìíní ọdún 1845, pẹ̀lú Gollmer àti Àjàyí Crowther, àti àwọn ìyàwó wọn. Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbọ́ pé Ṣódẹkẹ́ ti kú. Ẹni tí ó pè wọ́n kò sí mọ́, ọ̀nà sì dí. Ọdún kan àti ààbọ̀ ni wọ́n fi dúró ní etí òkun. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ìbá ti yí padà.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1846 ni Crowther àti Townsend tó wọ Abẹ́òkúta. Òkúkẹ́nù, Ṣàgbúà, àti àwọn ìjòyè yòókù kò ba ọ̀rọ̀ tí olóògbé náà ti sọ jẹ́. Wọ́n fún wọn ní ilẹ̀ ní Aké, níbi tí ṣọ́ọ̀ṣì Pétérù Mímọ́ wà lónìí. Kí oṣù náà tó parí, Àfàlá, ìyá Crowther, fi ojú kan ọmọ rẹ̀, lẹ́yìn ọdún 25 tí a ti kó o lẹ́rú ní Òṣogùn. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kejì ọdún 1848 ni ó wà lára àwọn àkọ́kọ́ tí a ṣe ìrìbọmi fún ní Abẹ́òkúta, a sì sọ ọ́ ní Hánà. Ó ti tó ọdún mẹ́ta nígbà náà tí Ṣódẹkẹ́ ti kú.