Theodore Clement Steele: Ayàwòrán Ilẹ̀ Indiana

Nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa ìtàn àwòrán yíyà ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, New York àti Boston ni ọ̀pọ̀ ìwé máa ń tẹnu mọ́. Wọn kì í sábà mẹ́nu ba àwọn ayàwòrán kan tí wọ́n fi àárín gbùngbùn orílẹ̀-èdè náà ṣe ibùjókòó, níbi tí ó jìnnà sí òkun, tí wọ́n sì ń ya odò, oko àti igbó agbègbè wọn. Àgbà láàárín wọn ni Theodore Clement Steele. Ìtàn rẹ̀ kan ìbéèrè kan tí olùkọ́ iṣẹ́ ọnà kò lè yẹ̀ sílẹ̀: bí ayàwòrán bá lọ kọ́ ọgbọ́n ní ìdálẹ̀ tí ó sì padà wálé, ṣé ojú ìdálẹ̀ ni yóò fi máa wo ilé ni, àbí ilé ni yóò kọ́ ojú náà ní ìran tuntun?

Agbègbè Owen ní ìpínlẹ̀ Indiana ni a ti bí Steele ní ọjọ́ 11, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1847. Iṣẹ́ àgbẹ̀ àti gàárì ẹṣin ṣíṣe ni bàbá rẹ̀ ń ṣe. Ìlú Waveland ni ó dàgbà sí, ibẹ̀ náà ni ó ti kàwé, ìgbà tí ó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni ó sì ti ń kọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní àwòrán yíyà. Ní 1870, ó gbé Mary Elizabeth Lakin, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Libbie, níyàwó. Rembrandt, orúkọ àgbà ayàwòrán ilẹ̀ Netherlands, ni wọ́n sọ àkọ́bí wọn. Ẹni tí ó bá mọ bí àwa Yorùbá ṣe ń wo ilé kí a tó sọ ọmọ lórúkọ yóò mọ ohun tí ó wà lọ́kàn bàbá náà.

Àwòrán ojú ènìyàn ni Steele fi ń bọ́ ìdílé rẹ̀ ní Indianapolis láti 1873. Herman Lieber, oníṣòwò férémù àwòrán nínú ìlú náà, ni ó kó àwọn ọlọ́rẹ jọ láti dá owó tí yóò fi lọ kàwé sí i. Àwòrán ni Steele yóò fi san án padà. Ní 1880, òun, ìyàwó àti àwọn ọmọ forí lé Munich ní Jámánì. Ọdún márùn-ún ni wọ́n lò níbẹ̀. Ní 1884 ni ó ya *The Boatman*, èyí tí ó gba àmì-ẹ̀yẹ fàdákà ní ilé-ẹ̀kọ́ ọba tí ó wà. Ọgbọ́n Munich fẹ́ràn àwọ̀ tí ó ṣókùnkùn: ilẹ̀ aláwọ̀ igi, ojú ọ̀run tí ó wúwo, òjìji tí ó dúdú.

Nígbà tí ó padà wálé ní 1885, àwọ̀ wọ̀nyí kò bá ilẹ̀ náà mu. Oòrùn Indiana mọ́lẹ̀ ju ti Munich lọ. Ní ìgbà ìwọ́wé, àwọn igi rẹ̀ a pọ́n bí epo, wọn a sì pupa bí osùn. Ní Vernon, lẹ́bàá odò Muscatatuck, àti ní Brookville, ó ń gbé kánfáàsì jáde síta ní ọdọọdún, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀dà rẹ̀ ń mọ́lẹ̀ sí i díẹ̀díẹ̀. Ohun tí àwọn ará Faransé ti sọ di ìlànà lábẹ́ orúkọ Impressionism ni òun náà ń sún mọ́: kí a ya ìmọ́lẹ̀ bí ó ti rí ní wákàtí náà gan-an, kí a sì mọ̀ pé òjìji pàápàá ní àwọ̀, ìbáà ṣe ti aró tàbí elésè àlùkò. Steele kò kàwé ní Faransé rí. Ní èrò tèmi, ilẹ̀ náà ni olùkọ́ tí ó kọ́ ọ ní èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọgbọ́n yìí. Ẹ wo *The Bloom of the Grape* tí ó yà ní 1893: ìkùukùu elésè àlùkò bo àfonífojì náà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, bí ẹfun tí ó máa ń wà lára èso àjàrà tí ó pọ́n. Àwòrán yìí gba ìdánilọ́lá ní ìpàtẹ àgbáyé ti Paris ní 1900.

Ní gbogbo àkókò yìí, àwòrán ojú ènìyàn ni ó ń mówó wọlé. Ó ya àwọn gómìnà, ó ya Benjamin Harrison tí ó jẹ Ààrẹ Amẹ́ríkà láàárín 1889 sí 1893. Iṣẹ́ wọ̀nyí dúró dáadáa, ṣùgbọ́n ọkàn Steele kò sí nínú wọn bí ó ti wà nínú igbó. Ó tún ṣí ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà kan ní Indianapolis ní 1889.

Ìpàtẹ ńlá Chicago ti 1893 gba méjì nínú àwòrán rẹ̀. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, òǹkọ̀wé Hamlin Garland àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pàtẹ iṣẹ́ àwọn ará Indiana márùn-ún ní ìlú náà: Steele, William Forsyth, J. Ottis Adams, Otto Stark àti Richard Gruelle. Hoosier ni ìnagijẹ àwọn ará Indiana, nítorí náà ni a ṣe ń pe àwọn márààrún ní ẹgbẹ́ Hoosier. Àwọn kan ka iṣẹ́ wọn sí àtẹ̀lé Faransé tí ó pẹ́ dé. N kò fara mọ́ èyí. Igi inú àwòrán Steele kì í tú dà nù sínú ìmọ́lẹ̀ bí ti Monet. Igi náà ṣì ní gbòǹgbò, ẹni tí ó bá ti rìn lábẹ́ rẹ̀ lè dá a mọ̀.

Libbie kú ní 1899. Ní 1907, Steele gbé Selma Neubacher níyàwó, wọ́n sì kọ́lé sórí òkè kan ní Brown County, níbi tí ọ̀nà kò ti dára tí ilẹ̀ kò sì lọ́ràá. Ilé Afẹ́fẹ́ Olórin ni wọ́n sọ ọ́, nítorí ohùn tí afẹ́fẹ́ ń mú jáde lára àwọ̀n wáyà ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Selma gbin òdòdó yí ilé ká, ọkọ rẹ̀ sì ń yà á. Kò pẹ́ tí àwọn ayàwòrán mìíràn náà fi ń wọ́ wá sí agbègbè náà.

Ní 1922, Yunifásítì Indiana pè é wá gẹ́gẹ́ bí ayàwòrán tí yóò máa ṣiṣẹ́ láàárín wọn. Yàrá iṣẹ́ rẹ̀ wà ní àjà òkè ilé ìkàwé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a sì máa gòkè lọ wò ó bí ó ti ń yàwòrán. Ó kú ní ọjọ́ 24, oṣù Keje, ọdún 1926. Ní 1945, ọdún tí Selma náà kú, ó fi ilé náà, ilẹ̀ éékà 211 àti ọ̀pọ̀ àwòrán ọkọ rẹ̀ ta ìpínlẹ̀ Indiana lọ́rẹ. Ibẹ̀ ti di ibi ìtàn tí ó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, àwọn ayàwòrán sì ń gbé kánfáàsì lọ síbẹ̀ títí di òní.