Albert Einstein, Bàbá Orí Ẹ̀wù

Bí ọmọ Yorùbá tí ń gbé Àbújá bá pàdé ọ̀dọ́ kan ní Wuse tàbí ní Garki, tí ó wọ ẹ̀wù tí a tẹ àwòrán bàbá arúgbó sí láyà, tí irun bàbá náà rí wúruwùru tí ó sì yọ ahọ́n síta, ó lè rò pé ìnáwó òkú àgbà ni ọmọ náà ti ń bọ̀. Láàárín Yorùbá, àwòrán òkú ẹni ni a sáábà máa ń tẹ̀ sára aṣọ, àti sára ife àti abẹ̀bẹ̀ tí a fi ń ta àlejò lọ́rẹ. Ṣùgbọ́n bàbá yìí kò bá ẹnikẹ́ni tan ní Àbújá. Albert Einstein ni, àgbà nínú ìmọ̀ físíìsì.

Ìlú Ulm ní ilẹ̀ Jámánì ni a ti bí i sí ìdílé Júù, ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta, ọdún 1879. Ẹ̀bùn kékeré kan ni ó là á lójú. Ó tó bí ọmọ ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún nígbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀, tí bàbá rẹ̀ sì mú kọ́ńpáàsì kan wá fún un. Bí ọmọ náà ti ń yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, ọ̀nà kan ṣoṣo ni abẹ́rẹ́ inú rẹ̀ ń kọjú sí, bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò kàn án. Títí di ọjọ́ ogbó rẹ̀ ni ó ń rántí ìyanu ọjọ́ náà.

Nígbà tí ó jáde ilé-ẹ̀kọ́ gíga, kò rí iṣẹ́ olùkọ́ gbà ní yunifásítì. Ní ọdún 1902 ó di òṣìṣẹ́ ìjọba ní ìlú Bern ní Switzerland, níbi tí wọ́n ti ń yẹ iṣẹ́ ọwọ́ àwọn olùpilẹ̀ṣẹ̀ wò kí wọ́n tó fún wọn ní ìwé àṣẹ. Láti ìdí tábìlì yẹn, ní ọdún 1905, ni ó ti kọ ìwé tí ó fi hàn pé agbára ńlá sá pamọ́ sínú ohun tí ó kéré jù lọ. Inú rẹ̀ ni E = mc² ti jáde, èyí tí ó wà lára fìlà àti ife káàkiri ayé lónìí.

Ní ọdún 1915 ó tún sọ pé oòrùn lè tẹ ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ tí ó bá gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ibi tí wọ́n ti yẹ ọ̀rọ̀ náà wò kò jìnnà sí Nàìjíríà rárá. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kárùn-ún, ọdún 1919, nígbà tí òṣùpá bo oòrùn lójú, Arthur Eddington, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, wà ní erékùṣù Príncipe, ó ń ya àwòrán àwọn ìràwọ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wà ní Brazil. Ní oṣù Kọkànlá ni wọ́n kéde ní Lọ́ńdọ̀nù pé òótọ́ ni, òkìkí Einstein sì kàn. Awakọ̀ tí ó ń fi fóònù wá ọ̀nà láti Kubwa lọ sí Asokoro ń jẹ nínú iṣẹ́ yìí, nítorí bí a kò bá fi ìṣirò Einstein tún aago inú sátẹ́láìtì ṣe, àṣìṣe náà lè tó kìlómítà 10 láàárín ọjọ́ kan.

Ní ọdún 1933 ó sá fún Hitler lọ sí Princeton ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1939 ó fọwọ́ sí lẹ́tà kan sí Ààrẹ Roosevelt nípa àdó olóró átọ́míìkì. Kò sí lára àwọn tí ó ṣe é, ṣùgbọ́n ó kábàámọ̀ lẹ́tà náà lẹ́yìn tí wọ́n ju àdó náà sí Japan ní ọdún 1945. Àwọn tí ń tẹ E = mc² sára ẹ̀wù kì í sábà rántí èyí.

Ọjọ́ tí ó pé ọdún 72, ní 1951, ni a ya àwòrán aláhọ́n náà. Àwọn oníròyìn kò jẹ́ kí ó sinmi, wọ́n ní kí ó tún rẹ́rìn-ín sí i. Ahọ́n ni ó yọ sí wọn, Arthur Sasse sì ya á. Àwòrán náà dùn mọ́ Einstein. Ó gé àwọn tí ó jókòó tì í kúrò, ó sì fi í ṣọwọ́ sí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bí káàdì ìkíni. Òun fúnra rẹ̀, nígbà náà, ni ó kọ́kọ́ fi í ta ènìyàn lọ́rẹ.

Síbẹ̀, kò fẹ́ kí a sọ òun di òrìṣà. Ó ní kí wọ́n sun òkú òun, kí wọ́n má sì sọ ilé òun di ibi tí ènìyàn yóò máa wá wò. Ọjọ́ 18 oṣù Kẹrin, ọdún 1955 ni ó kú. Wọ́n sun ún, wọ́n sì fọ́n eérú rẹ̀ sí ibi tí wọn kò sọ fún aráyé, ṣùgbọ́n dókítà tí ó yẹ òkú náà wò ti yọ ọpọlọ rẹ̀ kí ẹbí tó gbọ́. Yunifásítì Hébérù ní Jerúsálẹ́mù ni ó jogún àwọn ìwé rẹ̀, ó sì ń gba owó lọ́wọ́ àwọn tí ń fi àwòrán rẹ̀ ta ọjà. Ní ọdún 2012, ilé-ẹjọ́ kan ní Amẹ́ríkà dájọ́ pé ẹ̀tọ́ lórí ojú olóògbé náà ti parí lẹ́yìn ọdún 50 tí ó kú.