Baba Herbert Macaulay: Awọnlẹ̀ Tó Dúró Ti Onílẹ̀

  Nínú ìwé àpéjọ báyìí, ó yẹ ká máa yẹ ìgbésí ayé àgbà kan wò, kí àwa àtàwọn ọmọ wa lè rí nǹkan mú níbẹ̀. Baba Herbert Macaulay la mú lọ́tẹ̀ yìí. Ọ̀pọ̀ wa mọ orúkọ rẹ̀ nítorí títì tó wà ní Yábàá, tàbí nítorí náírà kan tí àwòrán rẹ̀ wà lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí Baba tó di olóṣèlú, ẹnjiníà ni. Ilẹ̀ wíwọ̀n ni iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ 14 oṣù Kọkànlá, 1864, ni wọ́n bí i ní Èkó, ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn tí òyìnbó gba ìlú lọ́wọ́ Ọba Dòsùnmú. Abigail ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther. Bàbá rẹ̀, Àlùfáà Thomas Babington Macaulay, ló dá CMS Grammar School sílẹ̀ ní 1859, òun náà sì ni ọ̀gá àkọ́kọ́ níbẹ̀. Bàbá yìí kú ní 1878, ọmọ náà kò tíì ju ọmọ ilé-ìwé lọ. Ilé-ìwé tí bàbá rẹ̀ dá sílẹ̀ yẹn náà ló ti kàwé. Ẹ ò rí i pé akẹ́kọ̀ọ́jáde bíi tiwa lòun náà!

Ní 1881 ó wọṣẹ́ akọ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba tó ń mójú tó iṣẹ́ òde. Ní 1890 ìjọba fi owó rán an lọ sí Plymouth nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì fi ọdún mẹ́ta kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà. Nígbà tó dé ní 1893, wọ́n fi í ṣe awọnlẹ̀ fún ilẹ̀ ìjọba. Ìwé ilẹ̀ ìjọba wá ń gba abẹ́ ojú rẹ̀ kọjá. Ó mọ ibi tí ààlà wà, ó mọ bí ilẹ̀ ṣe ń kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Òun àtàwọn òyìnbó ibẹ̀ kò sì gbọ́ra wọn yé. Ní 1898 ó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, ó gba ìwé àṣẹ, ó ń ṣe iṣẹ́ tara rẹ̀. Lára ilé tó bá àwọn èèyàn ńlá Èkó ṣe iṣẹ́ lé lórí ni ilé Henry Carr ní Tinúbú àti ilé Doherty ní Campos.

Nínú ilé ńkọ́? Oṣù Kejìlá 1898 ló gbé Caroline Pratt níyàwó. Ọdún kò tíì yípo tí ìyàwó fi kú, ní oṣù Kẹjọ 1899. Baba kò tún gbé ìyàwó ṣọ́ọ̀ṣì mọ́ títí ó fi kú, ṣùgbọ́n Ọlọ́run fi ọmọ ta á lọ́rẹ. Èyí táyé mọ̀ jù nínú wọn ni Oged Macaulay, oníwèé-ìròyìn, tó tẹ̀ lé ipa bàbá rẹ̀. Kirsten Hall ni wọ́n ń pe ilé Baba. Mẹ̀kúnnù àti ọlọ́lá ló ń wọ ibẹ̀ wá bá a dámọ̀ràn.

Iṣẹ́ tí ìjọba fi owó kọ́ ọ yìí ló fi dúró lọ́jọ́ tí ìjọba fọwọ́ kan ilẹ̀ onílẹ̀. Ní 1913 ìjọba gba ilẹ̀ Àpápá, wọ́n ní ìdílé Olúwa kì í ṣe ẹni tó ni ín ní tòótọ́. Olóyè Àmódù Tìjání Olúwa gbé ẹjọ́ náà dé London, Baba bá a lọ ní 1920 gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé àti ògbufọ̀. Ní 1921 ilé-ẹjọ́ Privy Council dájọ́ pé ilẹ̀ jẹ́ ti àwọn ará ìlú, àti pé bí ìjọba bá fẹ́ gbà á, wọ́n gbọ́dọ̀ sanwó rẹ̀ bó ṣe yẹ. Ẹgbàá mọ́kànlá ó lé ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta pọ́n-ùn, ìyẹn £22,500, ni wọ́n san. Ẹjọ́ kékeré kọ́ o! Títí dòní, àwọn lọ́yà ṣì ń tọ́ka sí i.

Ní 1923 ó dá ẹgbẹ́ òṣèlú NNDP sílẹ̀, ẹgbẹ́ náà sì kó ìjókòó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó kan Èkó. Nígbà tí ìjọba yọ Ọba Èṣúgbàyí lóyè ní 1925 tí wọ́n lé e lọ sí Ọ̀yọ́, Baba ò sinmi àfìgbà tí Ọba padà wálé ní 1931.

A kì í torí pé a fẹ́ràn ẹni ká purọ́ mọ́ ọn. Baba ṣẹ̀wọ̀n lẹ́ẹ̀mejì. Ti 1913 jẹ́ lórí owó ogún tí wọ́n fi sí ìkáwọ́ rẹ̀. Ti 1928 jẹ́ lórí ohun tí ìwé ìròyìn rẹ̀ gbé jáde. Ìyẹn ni kò jẹ́ kó lè díje fún ìjókòó kankan, àní nínú ẹgbẹ́ tó fọwọ́ ara rẹ̀ dá sílẹ̀. Àwọn ẹlòmíì ló wọlé, òun dúró sẹ́yìn ó ń tì wọ́n. Èèyàn mélòó ló lè ṣe irú ẹ̀?

Ní 1944 wọ́n fi í ṣe ààrẹ àkọ́kọ́ fún NCNC, Nnamdi Azikiwe sì ni akọ̀wé àgbà. Ní 1946, Baba ti pé ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, ó tún bá wọn gbọ̀nà Òkè Ọya, wọ́n ń kó owó jọ láti gbógun ti òfin Gómìnà Richards. Lára òfin wọ̀nyẹn ni èyí tó tún kan ilẹ̀. Kánò ni àìsàn ti mú un. Wọ́n gbé e padà sí Èkó, ó sì kú ní ọjọ́ 7 oṣù Karùn-ún. Ọ̀rọ̀ tó fi ránṣẹ́ sáwọn tó wà lọ́nà ni pé kí wọ́n dúró ọjọ́ mẹ́rin nítorí òun, kí wọ́n wá máa bá iṣẹ́ lọ.

Ẹ̀yin ará wa, ẹni tó bá ti ra ilẹ̀ rí, ìbáà ṣe ní Ìpájà níbí, ní Ayọ̀bọ̀ tàbí ní Ìkọ̀tún, mọ ohun tí ìwé sọ́fè jẹ́. Ó lè dáàbò bo opó, ó sì lè gba ilé lórí ọmọ aláìníbaba. Ọwọ́ tó mú pẹ́ńsù ló ń sọ ọ́ di èyí tàbí ìyẹn. Ẹnjiníà wà láàárín wa, awọnlẹ̀ wà, lọ́yà wà, ṣọ́jà wà. Owó òbí àti owó ìjọba la fi kẹ́kọ̀ọ́. Ta là ń fi ìmọ̀ náà gbèjà? Kí oníkálùkù bi ara rẹ̀ kó tó kúrò níbi àpéjọ yìí. Ọlọ́run á jẹ́ ká tún rí ara wa láyọ̀. Ire o.