Pablo Escobar: Ọba kokéènì tó sá títí dé orí òrùlé

Ní ọjọ́ kejì oṣù Kejìlá ọdún 1993, àwọn ọlọ́pàá orílẹ̀-èdè Kòlóńbíà yìnbọn pa ọkùnrin kan lórí òrùlé ilé kan ní ìlú Medellín. Kò wọ bàtà. Ẹ̀ṣọ́ kan ṣoṣo ló kù lọ́dọ̀ rẹ̀, wọ́n sì pa òun náà. Ọmọ ọdún 44 ni ọkùnrin yìí, Pablo Escobar lorúkọ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ní ọdún 1987, ìwé ìròyìn Forbes ti Amẹ́ríkà kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn tó lówó jù lọ lágbàáyé. Ìtàn rẹ̀ la mú wá fún ẹ̀yin òǹkàwé wa lónìí.

Rionegro, ìlú kan tí kò jìnnà sí Medellín, ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1949. Àgbẹ̀ ni bàbá rẹ̀, tíṣà ni ìyá rẹ̀. Olè ọkọ̀ ló kọ́kọ́ ń jà, ó sì bá àwọn tó ń ṣe fàyàwọ́ sìgá rìn. Kò sí ẹni tó ń tajà lẹ́bàá ẹnubodè wa tí kò mọ ohun tí fàyàwọ́ ń jẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó máa di àárín àwọn ọdún 1970, Escobar ti fi sìgá sílẹ̀, ó ti bọ́ sórí kokéènì.

Báyìí ni òwò náà ṣe ń lọ. Ewé kóká ni wọ́n fi ń ṣe kokéènì, Perú àti Bòlífíà sì ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń wá nígbà náà. Wọ́n á kó o wá sí Kòlóńbíà, wọ́n á sọ ọ́ di ìyẹ̀fun funfun nínú igbó, bàálù kékeré á sì gbé e lọ sí Amẹ́ríkà. Escobar, àwọn ọmọ ìyá Ochoa, Rodríguez Gacha àti Carlos Lehder ló para pọ̀ di ẹgbẹ́ Medellín. Ní àwọn ọdún 1980, ọwọ́ wọn ni èyí tó pọ̀ jù nínú kokéènì tó ń wọ Amẹ́ríkà ti ń kọjá.

Owó ya wọlé. Escobar ra ilẹ̀ rẹpẹtẹ tó pè ní Hacienda Nápoles, ó kó àgùnfọn àti erinmi mẹ́rin wá síbẹ̀ láti òkèèrè. Ó kọ́lé fún àwọn aláìní tó ń gbé lórí ààtàn ní Medellín, ó sì ṣe pápá bọ́ọ̀lù fún àwọn ọmọ wọn. Ọ̀pọ̀ tálákà ń gbàdúrà fún un. Ní ọdún 1982, wọ́n dìbò yàn án ní igbákejì dépíté, ìyẹn ẹni tó máa ń jókòó sípò dépíté nígbà tí kò bá sí nílé.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Rodrigo Lara Bonilla, mínísítà ètò ìdájọ́, tú àṣírí ibi tí owó náà ti wá. Ìwé ìròyìn El Espectador náà hú ìròyìn jáde pé wọ́n ti mú Escobar rí ní ọdún 1976 nítorí kokéènì. Ó pàdánù ipò rẹ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1984, àwọn tó wà lórí alùpùpù yìnbọn pa mínísítà náà nínú ọkọ̀ rẹ̀. Ní ọdún 1986, wọ́n pa Guillermo Cano, ọ̀gá El Espectador, nígbà tó ń kúrò níbi iṣẹ́. Àwa oníròyìn kò gbọdọ̀ gbàgbé orúkọ yẹn.

Adájọ́ tàbí ọlọ́pàá tí Escobar bá ránṣẹ́ sí, nǹkan méjì ló ní láti yàn: kó gba owó, tàbí kó gba ọta ìbọn. Ohun tó ń bà á lẹ́rù jù ni kí wọ́n má fà á lé Amẹ́ríkà lọ́wọ́. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1989, wọ́n pa Luis Carlos Galán, tó ń du ipò ààrẹ. Ní oṣù Kọkànlá, bọ́ǹbù bú gbàù nínú bàálù Avianca. Gbogbo èèyàn 107 tó wà nínú rẹ̀ ló kú, pẹ̀lú èèyàn mẹ́ta lórí ilẹ̀. César Gaviria ni wọ́n ń wá, kò sì sí nínú bàálù náà. Òun ló di ààrẹ ní ọdún 1990.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 1991, àwọn tó ń ṣe òfin tuntun fún orílẹ̀-èdè náà dìbò pé wọn kò ní fa ọmọ Kòlóńbíà lé ìlú mìíràn lọ́wọ́ mọ́. Lọ́jọ́ náà gan-an ni Escobar jọ̀wọ́ ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀wọ̀n tí òun fúnra rẹ̀ yan ibi tí wọ́n kọ́ ọ sí ni, wọ́n ń pè é ní La Catedral. Ó ń ṣe àríyá níbẹ̀, ó ń darí òwò rẹ̀, kódà ó ní kí wọ́n pa àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ìjọba fẹ́ gbé e lọ síbòmíràn ní oṣù Keje ọdún 1992, ó sá lọ.

Oṣù 16 ni wọ́n fi dọdẹ rẹ̀. Ọ̀gá ọlọ́pàá Hugo Martínez ló darí ikọ̀ tó ń wá a, Amẹ́ríkà sì ràn wọ́n lọ́wọ́. Àwọn ọ̀tá rẹ̀, títí kan àwọn tó ti jọ jẹun rí, kóra jọ sínú ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Los Pepes. Wọ́n ń pa àwọn èèyàn rẹ̀, wọ́n ń dáná sun ilé rẹ̀. Ìyàwó àtàwọn ọmọ rẹ̀ sá lọ sí Jámánì, wọ́n dá wọn padà. Hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Bogotá ni ìjọba fi wọ́n sí, ibẹ̀ sì ni Escobar ń pè lórí tẹlifóònù. Ó mọ̀ pé tí ọ̀rọ̀ bá gùn, ẹ̀rọ àwọn ọlọ́pàá á mọ ibi tóun wà. Lọ́jọ́ tí wọ́n rí i, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló ń bá sọ̀rọ̀, ó sì pẹ́ jù lórí ìlà.

Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló lọ síbi ìsìnkú rẹ̀. Àwọn tó kọ́lé fún ń sunkún, àwọn tó sọ di opó àti ọmọ òrukàn sì ń dúpẹ́.

Kokéènì kò bá a kú. Ẹgbẹ́ Cali gba ọjà náà, wọ́n mú àwọn ọ̀gá wọn ní ọdún 1995, àwọn mìíràn sì tún gbà á. Lónìí, ara ọ̀nà tí kokéènì ń gbà lọ sí Yúróòpù ni etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tiwa yìí. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ yìí kàn wá. Ẹni tó bá fẹ́ fún ọmọ yín lówó ńlá kó lè bá a gbé ẹrù tí kò gbọdọ̀ tú wò, ẹ béèrè ohun tó wà nínú ẹrù náà. Bí olówó kan bá sì dé, tó ń kọ́lé fún gbogbo ìlú, tí kò sẹ́ni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀, ẹ má tíì máa yìn ín. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.